Ìlà Tó Ṣófo

Àpò ọ̀rá dúdú ni mo fi kó ẹrù mi dé Duluth,
irú èyí tí wọ́n fi ń da ìdọ̀tí nù.
Ilé keje rèé láàárín ọdún mẹ́rin.
Mi ò tú àpò. Mo gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn,
mo so ẹnu rẹ̀ pa bí ẹnu tèmi.

Wọ́n ní ẹnìkan ní í bímọ,
igba ènìyàn ní í wò ó.
Igba tèmi pé: adájọ́, agbẹjọ́rò,
òṣìṣẹ́ ìjọba mẹ́ta tí wọ́n ń pààrọ̀ ara wọn,
dókítà tó ń ṣi orúkọ mi pè.
Gbogbo wọn wò mí lóòótọ́.
Inú fáìlì ni wọ́n ti wò mí.

Ardis Haugen kò béèrè fáìlì.
Opó ni, ọgbọ̀n ọdún ló fi wa ọkọ̀
tí ń ha òjò dídì kúrò lójú títì.
Ó ní, "Corliss, àbí?
Ọbẹ̀ wà lórí iná. Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ máa ń há,
fi èjìká tì í."
Ó tán síbẹ̀. Kò dì mọ́ mi, kò sunkún lé mi lórí.
Mo dúpẹ́ nínú mi.

Lóṣù kejì mo fọ́ àwo ọkọ rẹ̀ tó ti kú.
Mi ò ṣèèṣì, kí n má purọ́.
Ọjọ́ tí yóò lé mi ni mo fẹ́ mọ̀,
kí n yé retí rẹ̀.
Mo ti gbé àpò sórí àtẹ̀gùn.
Ardis gbá àfọ́kù jọ,
ó wá jókòó ti àpò náà, ojú rẹ̀ pọ́n,
ó ní, "Inú ń bí mi gan-an.
Aago méje la ó jẹun."

Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìbínú lè wọlé
kí oúnjẹ alẹ́ má sì jáde.

Mo pé ọdún mẹ́rìndínlógún, ẹgbẹ́ mi ń kọ́ mọ́tò.
Ìwé tèmi ti ká létí nínú báàgì.
Nísàlẹ̀ rẹ̀, ìlà kan ṣófo:
àgbàlagbà tí yóò dúró fún ọmọ yìí,
tí yóò san gbèsè bí ọkọ̀ bá gbá nǹkan.
Òṣìṣẹ́ ìjọba ní òun yóò béèrè.
Ó ṣì ń béèrè.

Ibi tí Ardis ti ń wá bátìrì ló ti rí i.
Ó wọ awò, ó ka ibi gbèsè lẹ́ẹ̀mejì.
Ó wá bírò. Bírò àkọ́kọ́ kò yọ.
Ó wá òmíràn.

Ọjọ́ Sátidé, níwájú ilé ìtajà kan tó ti kógbá sílé,
òjò dídì mù wá dé ọrùn ẹsẹ̀.
"Ọkọ̀ á yọ̀," ló wí, "kò sí ọkọ̀ tí kì í yọ̀.
Má tẹ bíréèkì bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà.
Ibi tí ò ń lọ ni kí o wò,
má wo òpó."
Mo yọ̀, mo yí po, mo pariwo.
Ó di ife kọfí rẹ̀ mú.
Kò já ọkọ̀ gbà lọ́wọ́ mi.

Àpò ọ̀rá náà? Ewé gbígbẹ la fi kó lẹ́yìnkùlé.

Mo ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.
Níbi iṣẹ́, ní ilé ìwòsàn,
níbikíbi tí wọ́n bá ti kọ ọ́ pé *ta ni ká pè*,
mo ti máa ń kọ Haugen
kí n tó ka ìbéèrè tán.