Ológìnní Àká Dáwánáù

Inú bébà tí wọ́n fi di kúlíkúlí fún mi ni mo ti rí i:
ológìnní idẹ, ó jókòó ṣinṣin,
yẹtí wúrà létí rẹ̀,
ojú rẹ̀ bí ojú olówó tí wọ́n jí lójú oorun.
Òróró ti mu ìwé náà. Ó ń dán.
Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ará Íjíbítì àtijọ́ a máa bọ ọ́.

Tèmi ń sùn lórí àpò ọkà bàbà.
Etí rẹ̀ kan ti ya; àkùkọ ló ya á.
Ta ni yóò fi wúrà sí i?

Ní Ìlá, ìyá mi kì í jẹ́ kí irú rẹ̀ sùn nínú ilé:
"Ojú tó ń tàn lókùnkùn, ta ló ń tan iná fún un?"
Níbí, mo rí Málàm Sagíru,
ológìnní ti ki ẹnu bọ omi àlùwàlá rẹ̀,
kò dà á nù.
"Ará ilé ni," ó ní, ó bu omi náà bọ́jú.
Ẹni tí à ń torí rẹ̀ jiyàn
ń jẹ eku láti orí wá, ó ń fọwọ́ nu ẹnu.

Mo ti rò ó títí lórí àga ọdẹ mi.
Odò wọn kún, odò fà,
ọkà wọ àká,
eku tẹ̀lé ọkà,
ológìnní tẹ̀lé eku,
ènìyàn wá tẹ̀lé ológìnní, ó kúnlẹ̀.
Ebi ló kọ́kọ́ kọ́ wọn ní àdúrà yẹn.
Lẹ́yìn ìwé náà, wọ́n tún yà á sábẹ́ àga ìyálé ilé,
ẹja lẹ́nu rẹ̀.
Ẹni tó yà á mọ̀ ọ́n dájú:
kò yà á bí ẹni tó fẹ́ dúpẹ́.

Ọyẹ́ mú lọ́sẹ̀ náà. Eruku ò jẹ́ kí awakọ̀ rí ẹ̀yìn.
Tírélà jéró fà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan péré.

Mo fi àpò òfìfo wé e,
mo fi abẹ́rẹ́ ńlá rán ẹnu àpò náà
bí mo ṣe ń rán ọkà tó ń lọ sí Màràdí.
Ìwé kúlíkúlí ní, bó bá kú nílé wọn,
gbogbo ará ilé á fá irun òkè ojú.
Èmi nìkan ni ará ilé.

"Ta ló kú?" Sagíru bi mí láàárọ̀, ó ń wo ojú mi tó pá.
"Ará ilé ni."
Ó gbé bútà rẹ̀ kalẹ̀.
A jọ dákẹ́, à ń gbọ́ eku nínú ọkà.