Máìlì Méjìlá

Òkúta funfun kan ló fún wa lórúkọ.
Òyìnbó kan rì í mọ́ etí ọ̀nà, ó kọ nọ́ńbà sí i níkùn,
ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.
Ìjọba ti sọ ọ́ di kìlómítà; àwa ò yí orúkọ padà.
Ìlú wo ni wọ́n tún ń pè
ní bó ti jìnnà sí ìlú onílùú?

Ọwọ́ kan Àkúrẹ́, ọwọ́ kan Oǹdó.
Àwa wà níbi tí awakọ̀ ti ń yí jíà.

Ọ̀nà la ilé wa sí méjì:
yàrá ìyá àgbà wà níhìn-ín, ilé ìdáná rẹ̀ wà lọ́hùn-ún.
Ọbẹ̀ á dúró kí tírélà mẹ́ta kọjá
kó tó dé iwájú ẹni tí ebi ń pa.
Mo ti mọ bí a ti ń gbé ìkòkò gbígbóná sáré
kí n tó mọ á, bí, dí.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn a ń sá kòkó sí etí títì.
Táyà á gun díẹ̀, a ó ṣa ìyókù.
Akíndúró tó ń lẹ táyà a máa rẹ́rìn-ín:
"Ọ̀nà náà ń jẹun, ẹ jẹ́ kó jẹ."

Ọdún tí ọkọ̀ àlùbọ́sà Dánládì takú níwájú ìsọ̀ rẹ̀,
ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ló fi dúró de irin kan láti Àkúrẹ́.
Àlùbọ́sà bẹ̀rẹ̀ sí í hù.
Ó pín in kárí, títí omi àmù wa fi ń rùn bí àlùbọ́sà.
Ìyá àgbà ń gbé oúnjẹ sọdá fún un,
òun náà ń kọ́ ìyá àgbà ní oókà èdè rẹ̀.
Láti ìgbà náà, bó bá ń kọjá lóru,
á fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹta.
Ìyá àgbà á yí padà lórí ẹní:
"Ó ti kọjá."
Á sì sùn.

Ó ti pẹ́ tí fèrè náà ti dákẹ́.
Bóyá ó ta ọkọ̀ ni. Bóyá ọ̀nà ló jẹun.
A ò mọ orúkọ bàbá rẹ̀, a ò mọ ìlú rẹ̀,
ta la fẹ́ bi?
Ìyá àgbà ń kà á fúnra rẹ̀ nínú òkùnkùn:
dáyà, bíyú, úkù.
Kò tún sọ pé ó ti kọjá mọ́.

Lánàá mo wọkọ̀ láti Oǹdó, mo tòògbé díẹ̀.
Nígbà tí mo fi kígbe "Ó wà o!"
ìlú wa ti wà lẹ́yìn wa.
Awakọ̀ ní, "Ó wà níbo? Ṣé igbó yìí?"
Mo bọ́ sílẹ̀, mo rìn padà.

Òkúta náà ti ya lápá kan.
Ení ló kù lára rẹ̀, èjì ti bọ́ sínú gọ́tà.
Bí ẹ bá gba òkúta gbọ́,
máìlì kan péré ló kù ká dé Àkúrẹ́.