Obìnrin tó Kan Ilẹ̀kùn Mi ní Groton

Aago mẹ́rin ọ̀sán, yìnyín ṣì wà lórí àtẹ̀gùn,
obìnrin kan kan ilẹ̀kùn, ó fi káàdì ìjọba hàn mí.
Ó ní nítorí Armand Pelkey ni,
aládùúgbò mi, jórinjórin,
ẹni tó fẹ́ wọ ibi tí wọ́n ti ń kan
ọkọ̀ ogun tó ń rìn lábẹ́ omi.
Kì í ṣe gbogbo ojú ló ń wo inú ọkọ̀ yẹn.
Ìjọba á kọ́kọ́ wo inú tìrẹ ná.

"Ṣé ó máa ń mutí? Ṣé ó jẹ gbèsè?
Ṣé ẹnì kan wà tó lè fi àṣírí so ó lọ́rùn?"
Bírò rẹ̀ dúró lókè ìwé bí ẹyẹ tó ń ṣọ́ ẹja.

Mo rántí epo tí mo rà sí ẹ̀rọ amúlégbóná rẹ̀
lọ́dún tí Colette, ìyàwó rẹ̀, wà ní ọsibítù:
ọ̀ọ́dúnrún dọ́là. Kò tíì san án tán.
Mo rántí ìwé pupa tí báńkì lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀,
tó ń fi èékánná ha kúrò
kí ọmọ tó ti ilé ìwé dé.
Mo sì mọ ti Fall River:
ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, mọ́tò olómọ́tò,
òru mẹ́ta ní àhámọ́.
Ibi tí a ti jọ ń pẹja ló ti sọ ọ́. Kò wojú mi.

Ogún ọdún ni irọ́ fi ń sáré, wọ́n ní.
Iye ọdún tí òótọ́ fi ń jókòó dè é nílé,
wọn ò sọ.

Mo sọ ọ́. Epo. Ìwé pupa. Mọ́tò.
Bí ẹni ń fa eyín ara rẹ̀ yọ.
Obìnrin náà kọ ọ́, ó dúpẹ́, ó lọ.

Nírọ̀lẹ́ mo lọ bá Armand, mo ní, "Mo ti ba tìrẹ jẹ́."
Ó rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìwé náà jáde, ó nípọn bí Bíbélì.
Fall River wà níbẹ̀. Báńkì wà níbẹ̀.
Orúkọ mi wà níbẹ̀, ọ̀ọ́dúnrún, àádọ́ta lóṣù.
"Gbèsè nìkan kọ́ ni wọ́n ń bẹ̀rù," ló wí.
"Ẹni tó bá gbé e pamọ́,
ẹni tó bá rí i ló ni ín."

Oṣù keje rè é. Èsì ò tíì dé.
Ó ń kó yìnyín lẹ́yìn ọgbà, níta wáyà,
níbi tí wọn kì í ti í béèrè nǹkan kan.
Lánàá ó kan ilẹ̀kùn mi:
àádọ́ta dọ́là, nínú àpò ìwé,
ó kọ déètì sí i lẹ́yìn.