Yáàdì Mọ́kànlá

Orí àpáta lẹ́yìn ilé ìwé nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń dúró l'Ógìdì,
ibẹ̀ la sì ti wo ọdún tí ẹgbẹ́ Mẹ́dúpin kú,
èmi, Bàbá, àti fóònù tí ojú rẹ̀ ti sán.

"Ṣé wọ́n ti gbá a?" ni Bàbá bi mí.
Bàbá, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e.
"Wọ́n sì ń pè é ní bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀?"
Mo ní Amẹ́ríkà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Jámánì ṣe rà á.
Ó wo bọ́ọ̀lù náà, ó ṣónṣó lórí, ó ṣónṣó nídìí,
ó ní ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n ni wọ́n ń jà lé lórí.

Ọmọ tirẹ̀ kì í gbé e rárá.
Àpò sìmẹ́ńtì méjì àtààbọ̀ ni ìwọ̀n Mẹ́dúpin,
iṣẹ́ rẹ̀ ni kó lóṣòó níwájú, kó fi àyà gba àyà,
kí ẹni tó fúyẹ́ lè rí ọ̀nà gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
Ọdún mẹ́jọ. Kò gbé bọ́ọ̀lù rí lójú ìdíje.
Owó ibẹ̀ ló rán mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ ní Kàbà.
Bàbá kò rí ohun ìyanu níbẹ̀:
"Ṣé òpó ilé ń jókòó sórí àga ni?"

Oṣù Karùn-ún ni owó oṣù kọ́kọ́ pẹ́.
Oṣù Kẹfà, wọ́n ta bọ́ọ̀sì, wọ́n ń wọ rélùwéè lọ bá ọ̀tá,
ogójì ọkùnrin, àṣíborí lórí itan wọn.
Oṣù Keje, ilé iṣẹ́ ọtí tó ni orúkọ àyà aṣọ wọn
ní kí wọ́n tú u kúrò. Mẹ́dúpin fi abẹ tú tirẹ̀,
ó fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. A ṣì lè ka orúkọ náà lójú ihò abẹ́rẹ́.
Wọ́n pàdánù. Wọ́n tún pàdánù.
Ẹ̀yìn ìwé orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì mi ni mo ń kọ ọ́ sí.

Ìdíje ìkẹyìn, òjò ń rọ̀ lọ́hùn-ún, òjò ń rọ̀ níbí,
a fi ọ̀rá bo fóònù.
Ó ku ìṣẹ́jú méjì, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́: mọ́kànlélógójì sí mẹ́fà.
Ẹnìkan kọlu ẹnìkan, ìbẹ́pẹ náà bọ́ sínú ẹrẹ̀,
ó ta, ó tún ta,
ó wá dúró níwájú àpò sìmẹ́ńtì méjì àtààbọ̀.

Àwòrán dì.
Bàbá gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó nà án sójú òjò.
Nígbà tó sọjí, ọmọ rẹ̀ ti ń sáré.
Ẹ jẹ́ n sọ òtítọ́, kì í ṣe eré:
ó ń lọ bó ṣe gbé Ìyá lọ ọsibítù lóru tí kò sí ọ̀kadà,
apá méjèèjì yí i ká, orí nílẹ̀,
ọkùnrin mẹ́ta so mọ́ ọn lẹ́yìn.

Ó ṣubú. Fèrè dún. Kò tilẹ̀ súnmọ́ ilà.
"Ó gbé e?"
Ó gbé e, Bàbá.
"Ó jìnnà tó mélòó?"
Mo ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀: yáàdì mọ́kànlá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n tú ẹgbẹ́ ká. Ẹ gbọ́ orúkọ ọjọ́.
Ní báyìí, ẹrù ni Mẹ́dúpin ń kó sínú ọkọ̀ òfuurufú lóru.
Ọmọ Ìyàrá kan bá a gbé àṣíborí rẹ̀ wálé,
adìyẹ ti yé ẹyin mẹ́rin sí i, kò sẹ́ni tó lé e.

Láàárọ̀ yìí mo gbé oúnjẹ lọ sóko.
Mo ní "Okun o", Bàbá kò gbọ́.
Ó ti ju ọkọ́ sílẹ̀ láàárín poro,
iṣu kan lábíyá rẹ̀,
ó ń na ẹsẹ̀, ó ń kà á sẹ́nu.
Ó dúró ní ìkọkànlá.
Ó bojú wẹ̀yìn wo ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.
"Ó jìnnà," ló wí.