Aró fún Ẹsẹ̀ Òsì

Súẹ́tà funfun tí Oyèdìran fi ránṣẹ́ láti ìlú òtútù,
ta ni yóò wọ̀ ọ́ n'Ìbàdàn?
Ọdún mẹ́rin ló fi sùn nísàlẹ̀ àpótí pẹ̀lú káńfọ̀.
Nígbà tí ọyẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sórí Òkè-Ààdó,
tí Bàbá ní ẹsẹ̀ òsì òun dà bí ẹja inú fìríìsà,
mo wá etí òwú náà, mo fà á,
súẹ́tà ń tú bí ẹni ń jẹ́wọ́.

Ẹsẹ̀ òsì nìkan ni mo wí.
Ti ọ̀tún, àtọ̀gbẹ ti gbà á lọ́wọ́ wa lóṣù Agẹmọ,
láti ìsàlẹ̀ orúnkún.

Èmi ò fẹ́ funfun. Funfun, bí báńdéèjì ni.
Mo yípo ẹ̀yìnkùlé bí ọlọ́pàá.
Èèpo àlùbọ́sà ló ṣáájú: ó fún mi ní àwọ̀
páànù Bẹẹrẹ, ìpáàtà tó ti gbó sójú òjò.
"Ṣé orí òrùlé ni mo fẹ́ fi rìn?" Bàbá ló wí bẹ́ẹ̀.
Àtálẹ̀ kun ọwọ́ mi ju òwú lọ;
lọ́sẹ̀ yẹn, gbogbo ẹni tí mo bọ̀ lọ́wọ́
ló ń bi mí bóyá ibà pọ́njú ló mú mi.
Ọ̀jẹ̀lẹ́ ewé tíìkì, mo rún un lọ́wọ́,
pupa yọ, pupa tó mọ ohun tí dókítà ṣe.
Mo dà á sí gọ́tà kó tó rí i.

Ó wá ku èlú,
tó hù fúnra rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, tí ẹnikẹ́ni ò gbìn,
bóyá ìyá ìyá mi ló gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.
Mo gún un, mo sá a, mo rẹ ẹ́ sínú omi eérú,
mo dé ìkòkò fún ọjọ́ mẹ́fà lábẹ́ igi ìbẹ́pẹ.
Lọ́jọ́ kẹta ni Ìyá Muníífá yọjú lórí ògiri:
"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òkú ewúrẹ́ ló wà níbẹ̀ yẹn?"
Mo ní aró ni. Ó ní, "Aró? Láyé ìsinsìnyí?"
Bàbá gbọ́ láti inú yàrá, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́:
"Aró fún arọ! Ẹ wá wò ó!"
N ò rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo rẹ́rìn-ín.

Òwú jáde nínú ìkòkò ní àwọ̀ ewé,
ẹkún ti dé ọ̀fun mi,
àfi bí atẹ́gùn ṣe fẹnu kàn án:
díẹ̀díẹ̀, níṣojú mi, ó ń ṣú
bí ojú ọ̀run lókè Eléyẹlé nígbà tí òjò bá ku fẹ́ẹ́rẹ́.

Abẹ́rẹ́ mẹ́rin, ọgọ́ta ojú.
Bí Tíṣà Ìbídùn ṣe kọ́ wa ní kíláàsì kẹrin:
"Ojú kan tó bá já, gbogbo aṣọ ló máa mọ̀."
Mo ń ka ojú, iná lọ, mo ń fi ìka ka ojú.
Mo yí gìgísẹ̀. Mo dín ojú kù níbi ọmọ ìka. Mo so ó pa.
Ọwọ́ mi ò dúró; ó ti kó ọgọ́ta ojú míràn,
ó di ọjọ́ kejì kí n tó rí ohun tí mo ń ṣe.

Ọwọ́ ò gbọ́ pé ẹsẹ̀ ti lọ.

Mo kó méjèèjì fún un. N ò sọ nǹkan kan.
Ó wọ ti òsì. Ó mi ọmọ ìka nínú rẹ̀.
Ó gbé èkejì, ó yẹ̀ ẹ́ wò tinú tòde,
ó wá nawọ́ sí ọ̀pá abẹ́ abíyá,
ó fa ìbọ̀sẹ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀.
"Òun náà ń rìn lórí sìmẹ́ǹtì tútù."

Tẹ́lẹ̀, láago márùn-ún ìdájí,
kò, kò, kò ni mo fi ń mọ̀ pé ó ti jí,
kò, kò, títí dé balùwẹ̀, kò, kò, títí padà.
Mo máa ń ṣépè fún ìró yẹn lábẹ́ ìrọ̀rí.
Nísinsìnyí ọ̀pá ń rìn bí ológbò.
Aago márùn-ún lù. Ilẹ̀ ò sọ̀rọ̀.
Mo dìde jókòó nínú òkùnkùn, mo tẹ́tí,
mo ń ka ojú tí kò sí lórí abẹ́rẹ́.