Ẹnu-Ọ̀nà

Dókítà fi bírò ya ilé-ọmọ sẹ́yìn àpò-ìwé kan,
ó rí bíi píà tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò.
Ó fi ṣóńṣó bírò tẹ ibi tó tín-ín-rín nísàlẹ̀:
"Ẹnu-ọ̀nà rẹ̀ nìyí. Ibẹ̀ ni jẹjẹrẹ náà wà."
Èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ ti ya; òun ni mo ń wò.
Ohun tó sọ lẹ́yìn ìyẹn, Torcuil ló bá mi gbọ́ ọ.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni mo ní láti dúró
kí ẹ̀rọ onítànṣán Inverness tó kàn mí.
Wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà.
Wọn ò sọ ẹni tó jẹ́ ìyá rẹ̀ fún mi.

Mo ṣì ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé-ìwé.
Wọ́n ní kí n sinmi. Kí n sinmi níbo?
Aago méje àbọ̀, òkùnkùn ṣì bo etí òkun,
afẹ́fẹ́ ń kan bọ́ọ̀sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí àgbò tó ń wá ìjà.
Ọmọ Oighrig, ẹni ọdún mẹ́fà, gòkè wọlé,
ó tú bébà, ó fi eyín tó yọ lálẹ́ àná hàn mí:
"Ó kàn ń mì ni. N ò sunkún rárá."
Mo ní, "O káre."
Ó tó ìṣẹ́jú kan kí n tó rántí jíà.

Ní erékùṣù wa, ọ̀rọ̀ a máa délé ṣáájú ẹni tó ni ín.
Peigi gbé ìkòkò ọbẹ̀ sí ẹnu-ọ̀nà, ó yára lọ.
Ẹni kẹta nìyẹn lọ́sẹ̀ yìí. Fìríìjì ti kún.
"Nǹkan yẹn" ni wọ́n ń pè é,
bí ẹni pé bí a bá dárúkọ rẹ̀, yóò dáhùn.

Lẹ́tà mẹ́ta ni wọ́n ti kọ sí mi, pé kí n wá ṣe àyẹ̀wò.
Mo fi wọ́n há ẹ̀yìn aago.
Mo sọ fún dókítà pé àwọn àgùntàn ń bímọ lọ́wọ́ nígbà náà.
Irọ́ ni. Ojú ló ń tì mí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, tí ẹnikẹ́ni kì í sá aṣọ lábúlé wa,
mo sá aṣọ ìwọ̀sùn mi sórí okùn.
Afẹ́fẹ́ kó sínú rẹ̀, ó wú bí aboyún.
Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kọjá, wọ́n rí i,
wọ́n kí mi jẹ́jẹ́.
Kò sẹ́ni tó bá mi wí. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà mí gan-an.

Torcuil kì í ṣe ẹlẹ́nu.
Láti alẹ́ ọjọ́ tí a ti ilé ìwòsàn dé
ló ti yọ ilẹ̀kùn iwájú,
èyí tó ń há láti ìgbà tí mo lóyún Ceitidh.
Ó fi tapólì dí ojú ihò, ó gbé pátákó lọ sí ahéré,
ó ń fá etí rẹ̀ lóru, díẹ̀díẹ̀,
bí ẹni ń fárí ọmọ tuntun.
Mo dùbúlẹ̀, mò ń gbọ́ ọ.
Kò bi mí bóyá mo sùn. Èmi náà ò bi í.

Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, rédíò kéde pé ìjì ti dé,
ọkọ̀ ojú omi Ullapool kò ní ṣí.
Mo wa ọmọ gbogbo délé, mo fi ẹsẹ̀ rìn padà nínú òjò,
mo fi èjìká ti ilẹ̀kùn wa
bí mo ti ń ṣe láti ọdún mẹ́tàlá.
Kò há mọ́.
Mo ré lulẹ̀ gbàgà sínú ilé, èmi àti báàgì mi,
Torcuil sáré wá tòun ti ṣíbí lọ́wọ́.
"Ó dùn ọ́?"
Ẹ̀rín pa mí débi pé n ò lè dìde,
omi òjò ń kán lára mi sórí pátákó.
"Kò tíì dùn mí," ni mo wí.
"Tan rédíò yẹn padà, ká gbọ́ ti ọ̀la."