Lórí Òṣùwọ̀n Ọkà

Ọkà ni mo ń wọ̀n níbí, n kì í wọn ilé.
Ọdún mẹ́tàlélógún lẹ́yìn fèrèsé yìí,
ní Dakota Àríwá, níbi tí ilẹ̀ tẹ́ bí àtẹ,
tí afẹ́fẹ́ kò rí ohun kan tí yóò fara tì.

Ìparí oṣù Kẹwàá, Orrin Haugen gun orí òṣùwọ̀n mi
pẹ̀lú píkọ̀ọ̀pù tuntun, pupa fòò,
ó so ilé kan mọ́ ọn lẹ́yìn:
ilé ẹlẹ́sẹ̀ rọ́bà, tó ní yàrá, tó ní balùwẹ̀,
tó ní ibi ìyáná tí iná rẹ̀ kì í jó nǹkan.
Ọrùn ilé náà nà gbọọrọ wọ àyà ọkọ̀,
ó gbé àgbọ̀n lé irin tí wọ́n dè síbẹ̀ bí òṣùká.

"Ṣáà bá mi wò ó," ó ní. "Ẹni tó tà á fún mi ní
ó lè fa ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pọ́n-ùn láìmí hẹlẹhẹlẹ."
Maxine ìyàwó rẹ̀ kò fèsì. Ó ń wo ìdí ọkọ̀.
Ìdí ọkọ̀ ti wolẹ̀ bí adìyẹ tó sàba,
imú rẹ̀ ń wo ojú ọ̀run.

Mo ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀. Ibẹ̀ ni òótọ́ máa ń wà,
lára férémù, nínú ìwé pélébé tí kò tó àtẹ́lẹwọ́,
tí ẹnikẹ́ni kì í kà lọ́jọ́ tó ń fọwọ́ síwèé owó.
Ẹgbẹ̀jìlá pọ́n-ùn ni ọkọ̀ yìí lè rù.
Orrin, fífà kọ́ ni rírù.
Màlúù ń fa kẹ̀kẹ́; ta ló gbé kẹ̀kẹ́ lé màlúù lẹ́yìn?

Mo ní kó tú ilé sílẹ̀, kí n wọn ọkọ̀ nìkan,
kó tún so ó. Mo yọ kékeré kúrò nínú ńlá.
Ìwọ, Maxine, ajá, irin òṣùká, àpótí irinṣẹ́:
ẹgbẹ̀ta ti lọ níbẹ̀. Ó ku ẹgbẹ̀sán.
Ọrùn ilé yẹn nìkan, ẹgbẹ̀rìnlá.
Ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn ló fi lé.

Ó yọ fìlà. Ó tún un dé.
"Tí mo bá wá ki sípíríǹgì kún un ńkọ́?"
Sípíríǹgì á gbé ìdí rẹ̀ sókè, kò ní yí ìwé padà.
Táyà ò mọ̀ pé o ra sípíríǹgì. Bíréèkì ò mọ̀.
Maxine ní, "Àwọn ìgò jáàmù mi ni."
Ogójì ìgò, èso igbó tó fọwọ́ ara rẹ̀ já,
fún àbúrò rẹ̀ ní Yuma, níbi tí yìnyín kì í dé.
Rárá o, Maxine. Kó gbogbo rẹ̀ dà sígbó,
ilé náà ṣì ju ẹ̀yìn tó fẹ́ rù ú.
Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

N kò sọ ìtàn ẹ̀gbọ́n mi fún wọn.
Mo kàn ní òkè wà lọ́nà ibẹ̀, òkè kì í gbẹ̀bẹ̀.
Ojú Orrin, tó jẹ́ ojú ẹni tó ní ẹrù,
di ojú ẹni tí ẹ̀rù ń bà.

Ọjọ́ kẹta, wọ́n fi ilé sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká ọkà,
lórí ẹsẹ̀ irin rẹ̀. Tó bá dìgbà ìrúwé,
ó ní òun á wá ilé tó kéré, tàbí ọkọ̀ tó ki.
Báàgì méjì, ajá kan, ogójì ìgò.
Wọn ò nílò òṣùwọ̀n mọ́;
síbẹ̀ Orrin tún gùn ún, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó dúró.
Mo ka iye náà fún un láti ojú fèrèsé.
Maxine bọ́ sílẹ̀, ó gbé ìgò kan síwájú mi,
ó padà wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.
"Tún un kà."

Òṣùwọ̀n mi kì í rí ohun tó kéré tó ìgò.
Iye náà kò yẹ̀.
Mo ní fún wọn pé ó ti fúyẹ́.